Ilé Tí Màmá Ò Fẹ́

Mo tẹ́ pépà sórí tábìlì ní Òkè-Àró,
mo fi abọ́ ọbẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí fáànù má gbé e lọ.
"Màmá, ẹ wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rèé, ó yí ilé po.
Ògiri, amọ̀ ni, ó nípọn gan-an,
òógùn ò ní bò yín mọ́ lóṣù Èrèlé."
Màmá wọ awò ojú. Ó fi ìka lé àárín pépà.
"Kí ló ṣe ibí yìí tí kò lórùlé?"
"Àkòdì ni. Ojú ọ̀run àárín ilé."
"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́?"
"Òjò á wọlé, Màmá."
"Kí n kí i káàbọ̀, àbí kí n fún un lága?"

Ẹni tó ti sùn rí lábẹ́ gbodogi kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ẹwà.
Ó mọ ejò tó já bọ́ láti àjà
sórí ẹní Ìbíjọkẹ́, àbúrò rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú.
Ó mọ ikán. Ó mọ ìró tí ògiri ń dá
kó tó wó lóru, bí àgbàlagbà tó fẹ́ húkọ́ tí kò rí i hú.
"Nítorí bulọ́ọ̀kù ni bàbá rẹ ṣe ta kòkó ọdún mẹ́ta.
Ìwọ tí mo rán lọ sí yunifásítì,
amọ̀ lo lọ kọ́ bọ̀?"

N ò rí èsì fọ̀.
Mo ti ya ilé oníbulọ́ọ̀kù mọ́kànlélógún ní Alágbàká àti Ìjàpọ̀,
gbogbo wọn ló ń fi jẹnẹrétọ̀ mí.

Bàbá Arífálò wá láti Ìdànrè pẹ̀lú ìka mẹ́sàn-án.
Ó bu yẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tutọ́ sí i, ó fi àtàǹpàkò lọ̀ ọ́.
"Eléyìí lọ́ràá jù, á sán.
Ẹ lọ bu ti etí odò Àlà wá, kí ẹ fi lú u."
Wọ́n bomi rin ín, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta.
"Amọ̀ tí kò bá sùn," ló wí, "kò ní lè dúró."

Ọjọ́ kẹrin ni Màmá dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni,
tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, tòun ti agboòrùn.
Àwọn ọmọkùnrin ń tẹ amọ̀. Ó dákẹ́ títí.
Lẹ́yìn náà ó ní, "Omi yẹn pọ̀ jù."
Bàbá Arífálò ní, "Ìyá, kò pọ̀."
"Ó pọ̀."
Ó bọ́ bàtà. Ó ká ìró sókè dé orúnkún.
Màmá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọnú amọ̀,
gìgísẹ̀ rẹ̀ ń wá nǹkan nísàlẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó já sódò,
gìrì, ó yí; gìrì, gìrì, ó tún yí.
"Mo tẹ ti ilé bàbá mi," ló wí, kò wo ojú mi.
"Èmi àti Ìbíjọkẹ́. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí i."
Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sí i.

Ilé náà ti dúró báyìí. Kì í ṣe bí mo ṣe yà á.
Páànù ló wà lórí rẹ̀; Màmá ní gbodogi ò tún ní bo òun mọ́ láyé.
Ìpìlẹ̀ jẹ́ òkúta àti sìmẹ́ńtì, nítorí ikán.
Ṣùgbọ́n òpó igi apá mẹ́rin yí àkòdì ká,
omi èèpo igbá la sì fi pa ògiri,
ó ń dán bí orí tí wọ́n fi abẹ tuntun fá.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru Ọjọ́rú.
Mo jí, àyà mi ń lù. Mo gbọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀.
Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó to korobá mẹ́ta àti abọ́ ọbẹ̀ ọjọ́sí sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀,
ó fa àga, ó jókòó.
Ó pe Ìbíjọkẹ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ẹ́.
Mo dúró sẹ́yìn òpó.
Korobá kìn-ín-ní kún, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Àlejò rẹ ti dé," ló wí, kò wẹ̀yìn.
"Lọ gbé àga wá fún un."